Kùkùté Mẹ́tàdínlógójì

Ìwé tó wá láti ọ́fíìsì l'Óṣogbo
ní igi méjìlélógún ni wọ́n gé.
Mo ka kùkùté. Mo tún un kà.
Ogójì ó dín mẹ́ta.
Mo jókòó sórí èyí tó gbẹ̀yìn, mo fi ìka ka ìyàtọ̀ wọn:
ọwọ́ méjèèjì tán, mo bọ́ bàtà,
ẹsẹ̀ kan ló kún un. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún
tó rìn jáde nínú igbó láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Igi kì í rìn, ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.
Ìyá mi ò tíì rí lọ́rì Wákílù
ní aago méjì òru lójú ọ̀nà Ìkìrun,
tí iná iwájú rẹ̀ kú, tí tapólì bò ó mọ́lẹ̀
bí aláìsàn tí òtútù mú.

Àwa mẹ́rin là ń ṣọ́ igbó yìí.
Ọ̀kadà kan ṣoṣo ni ìjọba fún wa,
epo rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà tí a kọ lóṣù Ṣẹẹrẹ.
Bí ẹ̀rọ ìgégi bá ké lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ la fi ń lọ;
kí a tó débẹ̀, ilẹ̀ ti dákẹ́,
ìyẹ̀fun igi ló kù, bíi gàrí tí ọmọdé dà nù.
Láníhun bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Ọmọ̀ ni."
Lóòótọ́, ọmọ̀ ni.
Òórùn ò ṣeé kọ sínú ìwé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Àbújá,
ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ní ká wá wò ó láti òkè ọ̀run.
"Ẹ wò ó, igbó yín ṣì tutù yọ̀yọ̀."
Ó tutù lóòótọ́.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Gbọ́lágùn ló tutù bẹ́ẹ̀,
àti ìbẹ́pẹ, àti èpò tó hù sójú ọgbẹ́.
Ojú òkè ọ̀run ò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ sí oganwó.
Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mu omi, ó lọ.

Ẹ má sì pè mí ní olóòótọ́.
Lọ́dún tí ìjọba jẹ wá lówó oṣù márùn-ún,
mo di ẹgbẹ̀rún méjì náírà mọ́wọ́,
mo gbé òòlù ìjọba, mo lù ú mọ́ orí gẹdú
tí n kò wọ̀n. Ó dún gbì.
Orí èyí tó tọ́, orí èyí tí kò tọ́,
gbì kan náà ló ń dún.
Igi tó gbé páànù ilé mi dúró l'Ókè-Báálẹ̀,
n kò bèèrè ibi tó ti wá.
Ìyá Wákílù ló ra oògùn
nígbà tí ibà dá ọmọ mi dùbúlẹ̀.

Rẹ́jísítà ní ìlà fún orúkọ igi,
ìlà fún gígùn, ìlà fún ìbú, ìlà fún owó tó wọlé.
Kò sí ìlà fún kùkùté.
Mo sọ fún ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀ṣúngbadé,
ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì."
Mo ní ọ̀gá, n kò mì ín.
Mo kàn ń kà á ni.

Ìwé iṣẹ́ ilé ọmọ mi ni mo wá ń lò,
lẹ́yìn ìṣirò tó ti gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sórí kùkùté, òjò nù ún.
Mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí kọ ọ́,
wọ́n fi àdá họ ọ́.
Ó dára. Ẹni tó họ ọ́ ti kọ́kọ́ kà á.

Lónìí, ẹ̀kẹtàdínlógójì ṣì ń ṣomi.
Mo gbé ìwé lé e lórí kí n kọ ọjọ́, oje mú un.
Mo fà á, ó ya díẹ̀.
Ojú ewé méjì ti lẹ̀ pọ̀, n kò lè ṣí wọn mọ́:
ọjọ́ òní wà nínú ibẹ̀, àti ìwọ̀n igi náà,
àti ojú ìka mi.